Jacquard àti àwọn ahunṣọ Lyon: orí owó iṣẹ́ ni ìjà wọn wà, kì í ṣe orí ẹ̀rọ

Láti bí ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa ń bi ara wa: ṣé AI máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa? Ẹni tó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ń bèèrè, ẹni tó ń túmọ̀ èdè ń bèèrè. Àwa tá a kọ́ òfin náà ń bèèrè, torí ìwé àdéhùn ilé gbígbà tí lọ́yà kékeré fi ń rówó jẹun, ẹ̀rọ á kọ ọ́ tán kí omi orí iná tó hó. Mo ti gbọ́ ìdáhùn lóríṣiríṣi. Àwọn kan ní ayé ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan ní kò séwu, pé ká ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà, gbogbo rẹ̀ á dáa. Mi ò gba ti ìkankan nínú méjèèjì. Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin ará Faransé kan tó ti kú láti ọdún 1834 ló fà á. Joseph-Marie Jacquard lorúkọ ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn tó ń ta aṣọ. Aṣọ tí wọ́n bá hun ọnà mọ́ lára, tí kì í ṣe pé wọ́n tẹ ọnà náà lé e lórí, orúkọ bàbá yìí ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ọjọ́ keje, oṣù Keje, ọdún 1752 ni wọ́n bí i ní ìlú Lyon. Ìlú ṣẹ́dà ni Lyon láyé ìgbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ ronú kan Ìṣẹ́yìn àti aṣọ òkè: bẹ́ ẹ bá ya ilé kan, òfì lẹ máa bá níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ya ilé kejì, òfì náà ni. Ọ̀gá ahunṣọ ni Jean Charles tó jẹ́ bàbá rẹ̀. Charles gan-an lorúkọ ìdílé wọn. Jacquard jẹ́ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀ka ilé tiwọn sọ́tọ̀, òun ló wá mọ́ ọmọ lórí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òfì àwọn ará Lyon ṣe rí nígbà náà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ara kòkòrò ni òwú ṣẹ́dà ti ń wá, bíi ti sányán tiwa. Àmọ́ òdòdó, ẹyẹ, ewé àti àwòrán oríṣiríṣi làwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé ń fẹ́ lára aṣọ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán òwú ló máa ń nà gbalaja lórí òfì kan. Kí òdòdó tó lè yọ lára aṣọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fa okùn tó ń gbé àwọn òwú kan sókè, kó fi àwọn tó kù sílẹ̀, kí ahunṣọ wá ju ọ̀kọ̀ gba àárín wọn kọjá. Wọ́n á tún fa okùn mìíràn, wọ́n á tún ju ọ̀kọ̀. Ìlà kan, fífà kan, láti òwúrọ̀ dalẹ́. Èèyàn méjì ló wà nídìí òfì nígbà náà, ahunṣọ àti afàkùn. Àwọn ọmọdé àtàwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi sídìí okùn fífà, iṣẹ́ tó ń ba èèyàn lẹ́yìn jẹ́ ni.

Jacquard kékeré náà ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí òfì, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún le ju agbára rẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ ẹni tó ń rọ lẹ́tà fáwọn atẹ̀wé. Ẹ má gbàgbé ibi yìí o. Ọmọ tí iṣẹ́ ìdí òfì lé sá ló padà wá sọ iṣẹ́ afàkùn di ohun àtijọ́.

Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1772, ó fi ilé àti òfì sílẹ̀ fún un. Ó gbé Claudine Boichon níyàwó lọ́dún 1778, obìnrin náà sì ní dúkìá tiẹ̀ lọ́wọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, gbèsè ti wọlé dé, ogún bàbá ti lọ, dúkìá ìyàwó náà ti lọ. Òwò kò bá Jacquard lára mu rárá. Nígbà tí ogun ìyípadà ìjọba gba ilẹ̀ Faransé kan, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba tuntun dó ti Lyon lọ́dún 1793, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tó ń gbèjà ìlú. Ìlú ṣubú, wọ́n sá lọ, wọ́n sì fi orúkọ ẹlòmíì wọnú iṣẹ́ ológun lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun wọn gan-an. Ojú ogun nílẹ̀ Jámánì lọmọ náà kú sí. Jacquard padà sílé ní òun nìkan, ó sì ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹni tó bá rí i nígbà náà kò ní sọ pé orúkọ rẹ̀ máa dé ibikíbi.

Ìgbà yẹn ló wá gbájú mọ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún 1801, ó gbé òfì kan tó tún ṣe lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Paris, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń hun àwọ̀n ẹja. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n pè é wá sí Paris, sí ilé tí ìjọba ń kó ẹ̀rọ pa mọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti rí òfì kan tí Jacques de Vaucanson ti ṣe láti ọdún 1745, tí eruku ń bò. Basile Bouchon ti fi bébà oníhò darí òfì lọ́dún 1725, Jean-Baptiste Falcon sì ti fi páálí rọ́pò bébà náà lọ́dún 1728. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé Jacquard jí lọ́jọ́ kan tí ọgbọ́n já lù ú láti òkè. Ó mú ti lágbájá, ó mú ti tàmẹ̀dò, ó so wọ́n pọ̀, ó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1804, òfì náà ti dúró.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á lu ihò sára páálí. Páálí kan dúró fún ìlà kan nínú aṣọ. Bí páálí bá dé iwájú àwọn abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ tó bá rí ihò á wọlé, òwú tiẹ̀ á gbéra sókè. Èyí tí kò bá rí ihò, òwú tiẹ̀ á jókòó síbi tó wà. Wọ́n á fi okùn so àwọn páálí náà mọ́ra, bí ẹni sin ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á sì máa yí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ahunṣọ ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ igi ìsàlẹ̀. Ihò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, àìsí ihò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Irú páálí yìí ni Charles Babbage nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi darí ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tó ń yà sórí ìwé, ẹ̀rọ yẹn náà ni Ada Lovelace kọ àlàyé lé lórí lọ́dún 1843. Páálí oníhò ni Herman Hollerith fi ka èsì ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà lọ́dún 1890, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di IBM. Bí ẹ bá ń wá bàbá ńlá AI, ẹ má fi ìdí òfì sílẹ̀ láìdé ibẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1805, Napoleon àti ìyàwó rẹ̀ wá sí Lyon, wọ́n rí ẹ̀rọ náà. Ohun tí ọba yìí ṣe wù mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ òfin. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ orí ẹ̀rọ náà, wọ́n fi fún ìlú Lyon, kí ẹnikẹ́ni lè kàn án kó sì lò ó. Jacquard á máa gba 3,000 fráǹkì lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló tún máa gba 50 fráǹkì lórí òfì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà fún ọdún bíi mélòó kan. Oníhùmọ̀ rówó jẹ, ẹ̀rọ sì di ti gbogbo ìlú. Ẹ fi ìyẹn wé AI òde òní tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí a lè fi ọmọ ìka kà.

Àwọn ahunṣọ ò fọwọ́ sí i nígbà tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n dáná sun lára àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kọ lu Jacquard fúnra rẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fún wa sábà máa ń parí rẹ̀ sí nìyí: ẹ wo àwọn aláìmọ̀kan tó ń bá ìdàgbàsókè jà, ẹ wo bí ẹ̀rọ ṣe borí. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ borí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1812, nǹkan bí 11,000 irú òfì bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ ahunṣọ ò parun ní Lyon, ńṣe ló ń gbòòrò sí i. Ẹ̀rọ yẹn ga débi pé wọ́n ní láti kọ́ ilé tuntun fún un lórí òkè Croix-Rousse, ilé tí àjà rẹ̀ ga tó mítà mẹ́rin. Àwọn ilé ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn olówó ló ń gbébẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ tuntun náà yọjú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sọ àwòrán tí wọ́n yà sórí bébà onígun di ihò lára páálí, owó sì wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ afàkùn tó dìde nídìí okùn kọ́ ló lọ jókòó sídìí páálí. Mi ò ní ṣọ̀fọ̀ iṣẹ́ tó ń ba ọmọdé lẹ́yìn jẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé a mọ iye fráǹkì tí Jacquard gbà lórí òfì kọ̀ọ̀kan, a ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣètò kọ́bọ̀ kan fún ọmọ tí òfì náà lé dìde.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí òwò ṣẹ́dà ṣe rí ní Lyon nìyí: oníṣòwò ló ni òwú, òun ló ni àwòrán, òun ló mọ oníbàárà. Ọ̀gá ahunṣọ ló ni òfì. Òun ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ Jacquard, òun ló ń gba ilé tí àjà rẹ̀ ga, òun ló ń bọ́ ọmọṣẹ́. Bí oníṣòwò bá gbé àwòrán tuntun wá, ahunṣọ ló máa tú òfì palẹ̀, tó máa tún un tò fún àwòrán yẹn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì lè lọ sí i láìsí owó kankan. Bí oníṣòwò bá wá sọ lẹ́yìn gígùn aṣọ díẹ̀ pé òun ò fẹ́ mọ́, ta ló gbé e? Iye tí wọ́n máa san lórí gígùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, oníṣòwò ló ń sọ ọ́. Ẹni tó ra ẹ̀rọ kò ní ẹnu lórí iye owó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ lórí app ka ibi yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni mò ń sọ. Mo ní kì í ṣe òun nìkan. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà kan tí mo máa ń bá yẹ ìwé àdéhùn wò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé owó tí òun ń san tẹ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ó ṣe tán, AI ló ń bá mi ṣe é. Irọ́ kọ́, mò ń lò ó. Èmi ni mò ń fi náírà wá dọ́là tí mo fi ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Èmi ni mò ń ra dátà, èmi ni mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Bí àṣìṣe bá yọ nínú ìwé náà lọ́la, èmi ni wọ́n máa pè. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀rọ bá mi dín kù, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni èrè rẹ̀ lọ. Mo gba iṣẹ́ ọ̀hún ní iye tó sọ, torí owó ilé ti ń sún mọ́lé.

Àwọn ará Lyon gbìyànjú òfin kí wọ́n tó gbìyànjú òkò. Lọ́dún 1806, wọ́n dá kóòtù kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń parí ìjà àárín oníṣòwò àti ahunṣọ, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí òfin Napoleon dá sílẹ̀. Ohun tó dáa ni. Ẹ ṣáà wo àwọn tó jókòó síbẹ̀: oníṣòwò márùn-ún, ọ̀gá ahunṣọ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò nínú ìgbìmọ̀ ti mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ máa já sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin Le Chapelier ti wà láti ọdún 1791, ó ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ léèwọ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kan náà láti jọ pinnu iye tí wọ́n máa gbà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá ṣàdéhùn tiẹ̀. Lórí ìwé, ahunṣọ tó ní òfì méjì àti oníṣòwò tó ń kó ṣẹ́dà lọ sókè òkun dọ́gba.

Owó iṣẹ́ ń já wálẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló fà á, àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Switzerland náà ń bá Lyon du ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá le, orí ẹni tí kò lẹ́nu lórí owó ni wọ́n máa ń gé e lé. Nígbà tó di ọdún 1831, àwọn ahunṣọ ní àwọn fẹ́ kí wọ́n kọ iye tó kéré jù sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má san jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bouvier-Dumolart tí ìjọba Paris yàn ṣe olórí àgbègbè náà pe ìpàdé, aṣojú àwọn oníṣòwò àti ti ahunṣọ jókòó, wọ́n sì fẹnu kò lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá. Ìlú dùn. Láìpẹ́, àwọn kan lára oníṣòwò ní àwọn ò san. Ìjọba Paris gbè sẹ́yìn wọn, pé kò sí òfin tó lè fi dandan lé iye tí èèyàn máa san lórí àdéhùn tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù Kọkànlá, àwọn ahunṣọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Croix-Rousse. Wọ́n yìnbọn fún wọn, àwọn náà dáhùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti gba Lyon, ìlú tó tóbi ṣìkejì nílẹ̀ Faransé. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí rèé: òfì ò sí lára ohun tí wọ́n kọjú ìjà sí. Ṣé òfì ara wọn ni wọ́n máa fọ́? Wọ́n tiẹ̀ yan èèyàn láti máa ṣọ́ ìlú kí ọlọ́ṣà má jà á. Ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ni wọ́n ń bèèrè, pé kó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀gágun Soult àti ọmọ ọba kó ṣọ́jà tó tó 20,000 wá, wọ́n wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Wọ́n fagi lé àdéhùn owó náà, wọ́n sì yọ Bouvier-Dumolart nípò.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1834, ó tún bẹ́. Wọ́n ti gé owó iṣẹ́ àwọn kan, ahunṣọ ti yanṣẹ́lódì, wọ́n ti kó àwọn aṣáájú wọn lọ sí kóòtù, òfin tuntun sì tún ń bọ̀ tó máa fún ẹgbẹ́ lọ́rùn sí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ṣọ́jà fi yin àgbá láàárín ìlú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú.

Oullins, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Lyon, ni Jacquard wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ti dàgbà, ó ń gba owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ìjọba kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1834, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìjà yẹn, ó kú. Ẹni ọdún 82 ni.

Lọ́dún 1839, wọ́n hun àwòrán rẹ̀ sára aṣọ ṣẹ́dà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó jókòó sórí àga, irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, páálí oníhò wà nítòsí rẹ̀. Páálí 24,000 ni wọ́n lò fún àwòrán kan ṣoṣo náà, Babbage sì ní ọ̀kan nílé rẹ̀; iṣẹ́ ọ̀hún dán débi pé àlejò ń rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Michel-Marie Carquillat lorúkọ ahunṣọ tó hun ún. Lọ́dún kejì, ìlú Lyon gbé ère Jacquard kalẹ̀. Orí òkè Croix-Rousse ni ère náà wà báyìí, ní àdúgbò tí àwọn ahunṣọ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bèèrè owó wọn.